Bí A Ṣe Lè Díwọ̀n Ewu Gíláàsì Fèrèsé Nígbà Ìbúgbàmù: Ìtọ́sọ́nà fún Onílé àti Ayálégbé ní Èkó

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí nínú bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà gbiná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù léraléra. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn lọ tó kú nínú àjálù náà, púpọ̀ nínú wọn ló sì bá omi kánààlì Òkè-Afá lọ níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà fún ẹ̀mí wọn nínú òkùnkùn. Àmọ́ ìròyìn àkókò náà tún fi yé wa pé gíláàsì fèrèsé fọ́ ní àwọn ibi tó jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 15 sí bárékè náà, nínú ilé àwọn ènìyàn tí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Abúlé-Àdó ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, àti ní Bódìjà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 16 oṣù Kínní ọdún 2024: ibi tí nǹkan ti bú gbàmù kò fẹ̀ tó ibi tí gíláàsì ti fọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìtọ́sọ́nà yìí mú lò ni pé, bí ènìyàn bá ti jìnnà díẹ̀ sí orísun ìbúgbàmù, gíláàsì ló sábà máa ń ṣe é léṣe. Gíláàsì sì jẹ́ ohun tí a lè kà, tí a lè wọ̀n, tí a sì lè tún ṣe kí ọjọ́ ibi tó dé. A kò láṣẹ lórí ohun tí wọ́n kó pamọ́ sí ilé kẹta sí tiwa, ṣùgbọ́n àwa la ń pinnu ibi tí ibùsùn àwọn ọmọ wa máa wà. Iṣẹ́ àyẹ̀wò tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò ju iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ fún ilé oníyàrá mẹ́ta, ohun èlò rẹ̀ kò sì ju tépù ìwọ̀n, ìwé, bírò àti fóònù tó ní máàpù lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gíláàsì

Nígbà tí nǹkan bá bú gbàmù, ó máa ń ti afẹ́fẹ́ tó yí i ká lójijì, afẹ́fẹ́ náà á sì di ìgbì tó ń sáré lọ sí gbogbo ìhà. Bí ìgbì yìí bá dé ara fèrèsé, á kọ́kọ́ ti gíláàsì wọlé. Kí ojú tó ṣẹ́, á tún fà á padà síta. Ìdí nìyí tí a fi máa ń bá àfọ́kù nínú yàrá, tí a tún máa ń bá a ní ojú títì. Kilopascal ni wọ́n fi ń wọn ipá ìgbì náà. Gíláàsì tó fẹ̀, tó tinrin, tó sì ti gbó lè fọ́ bí ipá náà kò bá tilẹ̀ ju kilopascal 1 lọ, tó bá sì fi máa dé 5 sí 7, ọ̀pọ̀ gíláàsì lásán ni yóò ti fọ́ tán. Ògiri búlọ́ọ̀kù ń fẹ́ ipá tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa kó tó wó. Èyí ló fà á tí ilé fi ń dúró digbí tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ orísun ewu àdúgbò yín sílẹ̀

Ẹ rìn yí àdúgbò ká níwọ̀n ìdajì kìlómítà sí gbogbo ìhà ilé yín, kí ẹ sì kọ gbogbo ibi tí nǹkan tó lè bú gbàmù wà. Ní Èkó, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ìdáná, yálà ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n to sílíńdà síwájú rẹ̀ tàbí ilé gáàsì ńlá tó ní táńkì tirẹ̀. Ẹ fi ilé epo kún un, ẹ fi ibi tí àwọn táńkà ti ń sùn mọ́jú kún un, ẹ má sì fo ìsọ̀ àwọn wẹ́dà àti àwọn tó ń na ara mọ́tò, nítorí gáàsì tí wọ́n ń rí láti ara kábáìdì àti omi máa ń bú gbàmù kíákíá tí iná bá kàn án. Ẹni tó ń gbé ní ìhà Àpápá tàbí Satellite Town ní láti kọ ọgbà táńkì epo sílẹ̀. Ẹni tó wà ní Abúlé-Ẹ̀gbá, Èjìgbò, Ìjẹ̀gun tàbí Abúlé-Àdó ní láti mọ ibi tí páìpù epo gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀, kó sì máa ṣàkíyèsí iṣẹ́ ojú ọ̀nà tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ní Ìjẹ̀gun ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà ló gé páìpù, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ.

Ẹ ya ohun tó ń jó sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń bú. Epo bẹntiró tó dà sílẹ̀ ní gbangba tó sì gbiná máa ń fa ooru líle, ṣùgbọ́n kì í sábà rán ìgbì tó lágbára jáde bí kò bá jẹ́ pé èéfín epo náà ti kọ́kọ́ kóra jọ sí ibi tó sé. Gáàsì ìdáná yàtọ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà nígbà tó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń wá, á wọ inú gọ́tà, á sì rọra ṣàn lọ títí tí yóò fi bá iná pàdé ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Bí ilé yín bá wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì, tí gọ́tà kan náà sì so yín pọ̀, ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ ibẹ̀ nínú ìwé yín.

Ilé tiyín gan-an ni kí ẹ kọ kẹ́yìn. Sílíńdà tó wà nínú kíṣíìnì jẹ́ orísun ewu tó súnmọ́ yín ju gbogbo èyí tí ẹ ti kọ lọ, bóyá ló sì ju ìwọ̀n ọ̀pá ìgbálẹ̀ méjì lọ sí fèrèsé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn ọ̀nà, kí ẹ sì ṣírò

Ẹ lo máàpù orí fóònù láti wọn ọ̀nà láti orísun kọ̀ọ̀kan dé ògiri ilé yín. Google Maps lè wọn ọ̀nà tààrà láàárín ojúkò méjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi àwọn tó ni ibẹ̀ léèrè pé báwo ni ohun tí wọ́n ń tọ́jú ṣe pọ̀ tó. Nínú ìrírí mi, ọ̀pọ̀ wọn máa ń dáhùn bí a bá wọlé pẹ̀lú ìkíni tó yẹ, tí a sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ mà, tọ́ọ̀nù mélòó ni táńkì yín ń gbà?” Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ lo iye tó pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ rò.

Àwọn ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tẹ̀ jáde lórí ìtọ́jú ohun ìjà ní ọ̀nà ìṣírò kan tí a lè yá lò. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ìpele mẹ́ta, yóò fún wa ní ìwọ̀n ohun abúgbàmù náà ní kìlógíráàmù. Fún 8, nọ́ńbà náà jẹ́ 2, nítorí 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 8. Fún 1,000, ó jẹ́ 10. Ẹ fi 22 sọ nọ́ńbà yìí di púpọ̀, ẹ ó sì rí iye mítà tí ìlànà náà fi sáàárín ohun abúgbàmù àti ilé gbígbé lásán. Ẹ fi 44 sọ ọ́ di púpọ̀ fún ilé tó ní gíláàsì ńláńlá tàbí tí èrò pọ̀ sí, irú bí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Kìlógíráàmù kan yóò fún wa ní mítà 22 àti 44. Tọ́ọ̀nù kan yóò fún wa ní mítà 220 àti 440. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí sí ààlà àlàáfíà. Ẹ fi orísun ewu ṣe àárín, kí ẹ fi iye mítà àkọ́kọ́ (ti 22) ya òbìrí kékeré yí i ká, kí ẹ sì fi ìkejì (ti 44) ya òbìrí ńlá. Láàárín òbìrí kékeré, ẹ gbà pé púpọ̀ nínú gíláàsì lásán yóò fọ́. Láàárín òbìrí kékeré àti òbìrí ńlá, ẹ gbà pé díẹ̀ yóò fọ́, pàápàá èyí tó fẹ̀. Ní ìta òbìrí ńlá, ó ṣì lè ṣẹlẹ̀ sí gíláàsì tí kò dáa.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìṣírò yìí ni pé ọ̀nà jíjìn ní agbára púpọ̀. Kí òbìrí náà tó lè fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ohun abúgbàmù gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò pé kí wọ́n má fi gbogbo ọkàn sí táńkì ńlá tó wà ní kìlómítà méjì, kí wọ́n sì gbójú fo ṣọ́ọ̀bù kékeré tó fẹ̀yìn ti ilé wọn.

TNT, ìyẹn ohun abúgbàmù gidi tí àwọn ológun ń lò, ni wọ́n ṣe ìṣírò náà fún, nítorí náà a ní láti yí gáàsì padà sí ìwọ̀n rẹ̀ kí a tó lè lò ó. Agbára tó wà nínú kìlógíráàmù kan gáàsì ìdáná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti TNT, ṣùgbọ́n bí gáàsì bá bú ní gbangba, ìpín díẹ̀ nínú agbára náà ló ń di ìgbì. Àwọn onímọ̀ máa ń lo nǹkan bí ìpín 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo sílíńdà kìlógíráàmù 12.5: ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 125, ìpín 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ bíi 6. Nọ́ńbà tí a ń wá fún 6 jẹ́ bíi 1.8, òbìrí wa á sì jẹ́ mítà 40 àti mítà 80. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún táńkì tó gba tọ́ọ̀nù 5, ẹ ó rí mítà 300 àti 600. Èyí jẹ́ ìṣírò ọjọ́ tó burú jù, nígbà tí gbogbo gáàsì náà bá jáde tó sì gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n òun ni a fi ń ṣètò. Bí gáàsì bá sì bú nínú yàrá tó sé, ìpín tó ń di ìgbì máa ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, fèrèsé yàrá náà ni yóò sì kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún un.

Ẹ fa àwọn òbìrí náà sórí máàpù tí ẹ yà sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ìhà ilé tó kọjú sí orísun kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo bí òpópónà ṣe rí

Ìgbì kì í ṣe òkò tí a ń sá fún lẹ́yìn ògiri. Ó máa ń yí igun ilé, ó máa ń gba orí òrùlé kọjá, nígbà tó bá sì kọlu ògiri tó kọjú sí i, ipá rẹ̀ lórí ògiri náà máa ń tó ìlọ́po méjì. Fèrèsé tó kọjú sí orísun ló wà nínú ewu jù, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ló tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tó wà lẹ́yìn sílẹ̀ láìkọ.

Ní Erékùṣù Èkó, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gidi. Ní Ìdúmọ̀tà àti Bálógun, òpópónà tóóró ni, ilé gíga sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ìgbì tó bá wọ irú ibẹ̀ kì í tètè fọ́nká, ara ògiri ni yóò máa gbá kiri. Ní Marina àti Broad Street, àwọn ilé ọ́fíìsì gíga tí wọ́n fi gíláàsì bo láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ewu méjì: àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì nínú ọ́fíìsì, àti àwọn tó ń kọjá tàbí tó ń tajà nísàlẹ̀ nígbà tí ìfàsẹ́yìn ìgbì bá fa àfọ́kù síta láti àjà kẹwàá. Ẹni tó bá ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀ kò tíì parí àyẹ̀wò rẹ̀ bí kò bá wọn ibi tí èrò ń dúró sí nísàlẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ gba ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ gíláàsì, nítorí ìṣírò orí ìwé yìí kò tó fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yẹ fèrèsé kọ̀ọ̀kan wò

Ẹ fún fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ sì wọn gígùn àti ìbú gíláàsì tó tóbi jù nínú rẹ̀. Bí gíláàsì méjì bá nípọn bákan náà, èyí tó fẹ̀ jù ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo irú gíláàsì tó jẹ́. Irú mẹ́ta ló wà, ara mọ́tò sì fi méjì nínú wọn hàn wá dáadáa: gíláàsì iwájú mọ́tò ní awẹ́ méjì tí wọ́n fi ọ̀rá líle kan lẹ̀ pọ̀ láàárín, bó bá fọ́, á dúró sójú ibi tó wà, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná sè kó lè le, ó máa ń lágbára tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti gíláàsì lásán, bó bá sì fọ́, á di hóró kéékèèké. Irú kẹta, gíláàsì lásán tí a kì í rí lára mọ́tò rárá nítorí ewu rẹ̀, ni ó pọ̀ jù ní fèrèsé ilé wa. Bó bá fọ́, ọ̀bẹ gígùn ni.

Láti mọ gíláàsì tí wọ́n fi iná sè, ẹ wo igun rẹ̀ bóyá òǹtẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò ṣe é fọ̀ kúrò. Bí ẹ bá ní awò òjìji oòrùn tó ń pa ìtànṣán, irú èyí tí wọ́n ń pè ní polarized, ẹ fi wo gíláàsì náà lọ́sàn-án; èyí tí wọ́n sè máa ń fi àmì dúdúdúdú hàn tó tò gẹ́rẹ́gẹ́. Gíláàsì alawẹ́ méjì máa ń fi ìlà tín-ínrín hàn láàárín etí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí àmì kankan, ẹ kà á sí gíláàsì lásán, ohunkóhun tí ẹni tó tà á bá ti sọ.

Fèrèsé lúfà tó wà ní àwọn ilé àtijọ́ ní Múṣin, Ṣómólú, Sùúrùlérè àti Èbúté-Mẹ́ta ní ìṣòro tirẹ̀. Etí méjì nìkan ni wọ́n fi gbé awẹ́ gíláàsì kọ̀ọ̀kan lé irin, láìsí ìdè lókè tàbí nísàlẹ̀, nítorí náà ìgbì lè yọ awẹ́ náà lódidi, kí ó sì fò wọ yàrá pẹ̀lú gbogbo etí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ mi awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí irin tó gbé e ti dógùn-ún tàbí tó ti là wà nínú ewu kó tó di pé ohunkóhun bú.

Fèrèsé aluminíọ̀mù tí a ń tì sọ́tùn-ún sósì fẹ̀ ju lúfà lọ, ó sì wà ní pálọ̀ àwọn ilé tuntun púpọ̀. Ẹ yẹ rọ́bà tó di gíláàsì náà mú wò. Oòrùn Èkó máa ń mú un gbẹ kó sì sún kì, gíláàsì á wá máa mì nínú férémù. Ẹ yẹ ìdè tó so férémù mọ́ ògiri wò pẹ̀lú, nítorí mo ti rí férémù tó jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì ìrẹ́lẹ̀ nìkan ló dì í mú, láìsí ìṣó kan ṣoṣo. Irú èyí lè wọlé lódidi. Ẹ wo ojú gíláàsì bóyá nǹkan ti ha á lára tàbí bóyá etí rẹ̀ ti ṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni fífọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irin ìdábòbò olè yóò gbà wọ́n. Irin náà lè dá férémù tó fẹ́ wọlé lódidi dúró bó bá wà nínú, ṣùgbọ́n àfọ́kù gíláàsì gba àárín rẹ̀ kọjá láìfarakàn án, irin tí kò ní ẹnu ọ̀nà ìjáde sì tún máa ń dí àwọn ará ilé mọ́ inú iná. Ẹ kọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà sínú ìwé yín.

Ẹ má gbàgbé gíláàsì tí kì í ṣe ti fèrèsé: ilẹ̀kùn pálọ̀, dígí ńlá inú yàrá, iwájú ṣọ́ọ̀bù, àti gíláàsì ààbò orí bákónì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo ibi tí ènìyàn wà

Ìgbésẹ̀ yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun ni àwọn ènìyàn sì máa ń fò. Nínú ìdánwò gíláàsì tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò fún ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n máa ń wo bí àfọ́kù ṣe fò jìnnà tó nínú yàrá tó jìn ní mítà 3. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ láàárín mítà kan kò burú púpọ̀. Èyí tó dé mítà 3 burú sí i. Èyí tó sì gbá ògiri ẹ̀yìn ní ibi tó ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 lọ ni wọ́n kà sí ewu ńlá, nítorí ibẹ̀ ni àyà, ọrùn àti ojú ẹni tó jókòó wà.

Ẹ fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan ní mítà kan sí fèrèsé, kí ẹ tún fa òmíràn ní mítà 3. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹni tó máa ń wà láàárín ìlà wọ̀nyí àti iye wákàtí tó ń lò níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ máa ń bani lẹ́rù. Nítorí ooru àti àìsí iná mànàmáná, abẹ́ fèrèsé ni ọ̀pọ̀ wa gbé ibùsùn sí kí a lè rí atẹ́gùn, tí orí ẹni tó sùn sì wà ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sí gíláàsì fún wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́. Télọ̀ máa ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀. Ní ilé ìwé, ìlà ìjókòó kan odindi máa ń wà lẹ́bàá fèrèsé lọ́tùn-ún àti lósì, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ kò sì yan ibẹ̀ fúnra wọn. Ẹ̀yin olùdásílẹ̀ ilé ìwé, mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tiyín láti ibí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ to àwọn fèrèsé bí ewu wọn ṣe pọ̀ tó

Ẹ fún fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní máàkì mẹ́ta, láti 1 dé 3. Ti ọ̀nà: 3 bó bá wà láàárín òbìrí kékeré, 2 bó bá wà láàárín kékeré àti ńlá, 1 bó bá wà lẹ́yìn òde. Ti gíláàsì: 3 fún lúfà, fún èyí tó ń mì, tàbí gíláàsì lásán tó fẹ̀ ju mítà kan níbùú lóròó lọ, 2 fún gíláàsì lásán kékeré tó dúró dáadáa tàbí èyí tí wọ́n fi iná sè, 1 fún alawẹ́ méjì nínú férémù tó le. Ti ènìyàn: 3 bí ẹnìkan bá ń sùn tàbí ń jókòó pẹ́ láàárín mítà kan sí i, 2 bó bá jẹ́ láàárín mítà 3, 1 bó bá kọjá mítà 3 tàbí tó jẹ́ ibi tí a kàn ń kọjá. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀. Èyí tó pọ̀ jù yóò jẹ́ 27.

Ká ní ilé kan wà ní Ìsọlọ̀, ní mítà 250 sí táńkì gáàsì tọ́ọ̀nù 5. Máàkì ọ̀nà jẹ́ 3. Fèrèsé yàrá àwọn ọmọ jẹ́ lúfà, 3. Ibùsùn wà lábẹ́ rẹ̀, 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Bí wọ́n bá gbé ibùsùn náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri inú, kọjá ìlà mítà 3, máàkì ènìyàn yóò di 1, àpapọ̀ á sì di 9, láìná kọ́bọ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń to ewu nìyí, kì í ṣe òfin. Ohun tó wúlò nínú rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí a mọ fèrèsé tí a ó kọ́kọ́ náwó lé lórí.

Ìgbésẹ̀ keje: Àtúnṣe, láti orí èyí tí kò gba owó

Ibùsùn, àga àti tábìlì ìkẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò. Bí yàrá kò bá fẹ̀ tó, ẹ gbé ibùsùn sí ògiri kan náà tí fèrèsé wà ṣùgbọ́n kí ó kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀. Kọ́tìnì tó nípọn, tó gùn ju fèrèsé lọ tó sì wà ní títì lálẹ́, lè gba díẹ̀ nínú ipá àfọ́kù. Kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè ṣe é. Lílẹ sẹ́lótéèpù mọ́ gíláàsì ní ìrísí àgbélébùú, bí a ti ń rí i nínú fíìmù ogun, kò dí fífọ́ lọ́wọ́, ó sì lè mú kí àfọ́kù tóbi kó sì wúwo sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe àwọn oníṣẹ́ aluminíọ̀mù láti pààrọ̀ rọ́bà tó ti gbẹ àti láti fi ìṣó so férémù mọ́ ògiri. Owó rẹ̀ kéré sí èyí tí ẹ rò.

Ọ̀rá ààbò tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú gíláàsì láti inú ni ó tẹ̀lé e. Kò ní kí gíláàsì má fọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń so àfọ́kù pọ̀. Kí nínípọn rẹ̀ má dín sí máíkírọ́ọ̀nù 100 (ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan), kí ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fún gíláàsì tó fẹ̀. Tíńtì lásán tí wọ́n ń tà láti dín oòrùn kù sábà máa ń tinrin ju èyí lọ, nítorí náà ẹ béèrè nínípọn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ọ̀rá tó kan dúró sí àárín gíláàsì lè jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ já wọlé lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n fi sílíkọ̀n líle tàbí irin pẹlẹbẹ so mọ́ férémù yíká ni ó dára jù. Ti lúfà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí férémù tí a lè so ó mọ́. Ní tèmi, bí fèrèsé lúfà bá gba 18 sókè, tí kò sì sí ọ̀nà láti gbé ènìyàn kúrò nítòsí rẹ̀, yíyọ lúfà náà ló yẹ.

Fún fèrèsé tuntun, ẹ béèrè gíláàsì alawẹ́ méjì, kí férémù sì gbá etí rẹ̀ mú jinlẹ̀, bíi mìlímítà 25, nítorí gíláàsì dídára nínú férémù tí kò jinlẹ̀ yóò yọ lódidi. Ayálégbé tí kò lè dá irú owó bẹ́ẹ̀ ná lè mú ìwé máàkì rẹ̀ lọ bá onílé; ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé, tó ní ìwọ̀n àti iye, rọrùn láti gbọ́ ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ

Ìmọ́lẹ̀ máa ń dé ṣáájú ìgbì. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kìlómítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ní ìlú Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013, òkúta láti ojú ọ̀run bú lókè. Àwọn ènìyàn rí ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n sì lọ dúró sójú fèrèsé láti wò ó. Ìgbì dé ní ohun tó ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́yìn náà, nǹkan bíi 1,500 ènìyàn ló sì wá ìtọ́jú, gíláàsì ló ṣe púpọ̀ nínú wọn léṣe. Ní Beirut, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, iná ló kọ́kọ́ sọ ní èbúté, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi fóònù ya á láti ojú fèrèsé àti bákónì nígbà tí ammonium nitrate (kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀), èyí tí wọ́n ti kó tọ́ọ̀nù 2,750 rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀, bú gbàmù.

Nítorí náà, kí gbogbo ará ilé, títí dé ọmọdé àti ọmọ ọ̀dọ̀, mọ̀ pé bí iná ńlá bá sọ níbi kan tàbí tí ìmọ́lẹ̀ àjèjì bá kọ, ẹ̀yìn la ń kọ sí fèrèsé. Ẹ wọ páàsééjì tàbí yàrá tí kò ní fèrèsé. Bí kò bá sí àyè, ẹ dojú bolẹ̀, kí ẹ fi apá bo ojú àti ọrùn. Kí ẹ má padà lọ yọjú lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, nítorí ti Ìkẹjà kò bú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí bàtà tí ìdí rẹ̀ nípọn máa wà lábẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa á. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ yára kúrò lábẹ́ ògiri ilé gíga, nítorí àfọ́kù tó rọ̀ mọ́ férémù ṣì lè já. Gíláàsì tó wọ ara jinlẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fà yọ nílé. Ẹ di aṣọ mímọ́ yí i ká láìtẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ojú, ẹ má jẹ́ kí ẹni náà fi ọwọ́ ra á, ẹ má fi omi tàbí oògùn sí i; ẹ fi ife pépà bò ó láìkan ẹyinjú, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767, a kì í sì í sanwó láti pè wọ́n.

Kí ẹ kọ déètì àyẹ̀wò sójú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ tún un ṣe nígbàkígbà tí ṣọ́ọ̀bù gáàsì tuntun bá ṣí, tí wọ́n bá pààrọ̀ fèrèsé, tàbí tí ẹ bá tún yàrá tò. Ọ̀rá ààbò máa ń gbó láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, oòrùn tó mú ganrínganrín sì lè dín in kù. Bó bá ti ń wú tàbí tó ń ṣí létí, fèrèsé náà ti padà sí máàkì tó ní tẹ́lẹ̀.